Kọ̀ǹpútà géèmù tó lágbára, owó tó mọ níwọ̀n: ibi tó yẹ kí owó yín lọ

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó fẹ́ kó kọ̀ǹpútà géèmù jọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, processor wo ni kí n rà?" Ìbéèrè gidi ni, torí processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò tíì kan òun. Ẹni tó bá ti orí processor bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń kó owó ńlá síbi tí ojú rẹ̀ ò ti ní rí èrè rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa wá fi ra graphics card, bẹ́ẹ̀ graphics card ló ń ya gbogbo ohun tó ń rí nínú géèmù. Ọ̀dọ̀ mọ́nítọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ojú yín rí àti irú géèmù tí ẹ fẹ́ máa fi ṣeré, kí ẹ wá máa bọ̀ wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àmì tóótòòtó tí wọ́n ń pè ní pixel ló para pọ̀ di àwòrán ojú mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ 1080p ní 1,920 níbùú àti 1,080 lóòró, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. 1440p ní 3,686,400. 4K ní 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin 1080p géérégé. Graphics card ló ń kun gbogbo wọn, kì í sì í kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan kó sinmi. Mọ́nítọ̀ 60Hz lè gba àwòrán tuntun 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 144Hz sì lè gba 144. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 4K lórí 60Hz jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 498 pixel ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1440p lórí 144Hz jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 531. Ìṣirò yìí ò kó gbogbo ọ̀rọ̀ já, torí pé iṣẹ́ mìíràn wà nínú géèmù tí kì í pọ̀ sí i bí pixel ṣe ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ó jẹ́ ká rí i pé ẹni tó fẹ́ 1440p tó yára àti ẹni tó fẹ́ 4K tó rọra ń béèrè iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́wọ́ card kan náà.

Lójú tèmi, mọ́nítọ̀ 1440p, ínṣì 27, 144Hz tàbí 165Hz, ni ibi tí agbára àti owó ti pàdé. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti 1080p lọ kedere, bẹ́ẹ̀ ni kì í fipá mú yín lọ ra card tí iye rẹ̀ tó ti gbogbo ìyókù kọ̀ǹpútà. 4K dára, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Tó bá jẹ́ pé 1080p ni owó yín ká, ẹ má rò pé ẹ ti kúrò lẹ́gbẹ́: 1080p lórí 144Hz pẹ̀lú card tó dáa máa ń dùn mọ́ni ju 4K tó ń gé wọlé gé jáde lọ.

Irú géèmù náà ṣe pàtàkì. Counter-Strike 2 àti Valorant, géèmù ìbọn, máa ń gbára lé processor púpọ̀, nítorí pé àwọn tó ń fi wọ́n ṣeré fẹ́ kí àwòrán yára ju kó rẹwà lọ. EA FC, géèmù bọ́ọ̀lù, kì í béèrè graphics card ńlá. Àwọn géèmù tó ní ìlú ńlá téèyàn lè rìn kiri nínú rẹ̀, irú bíi Cyberpunk 2077, graphics card ni wọ́n máa ń fi ṣiṣẹ́ ṣáá. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù lòun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbá lójoojúmọ́, kò sídìí tó fi yẹ kó ra card tí ẹni tó ń fi Cyberpunk ṣeré fẹ́ rà.

Graphics card ló ni ìpín tó pọ̀ jù

Tí ẹ bá yọ owó mọ́nítọ̀ kúrò, ó yẹ kí graphics card gba 40 sí 45 nínú gbogbo 100 naira tó bá kù. Ìdá ni mo fi ń sọ̀rọ̀, mi ò kọ iye naira, torí pé naira kì í dúró sójú kan. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 naira ní báńkì ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 nígbà tó di 2024. Card tó jẹ́ dọ́là 300 kúrò ní nǹkan bíi 138,000 naira, ó di 450,000, kó tó wá kan owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà. Ìdá 40 yẹn máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, wọ́n á fẹ́ gé e kù kí wọ́n lè fi ra àpótí onígíláàsì àti fáànù tó ń tan iná aláràbarà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná aláràbarà ò ní kí géèmù yára.

Orúkọ àwọn card yìí ló kọ́kọ́ ń da orí èèyàn rú. Nínú RTX 4070 ti ilé iṣẹ́ Nvidia, 40 ni ìran, 70 ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde. Ìdí nìyẹn tí RTX 4060 ò fi lágbára tó RTX 3080, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran tó dé kẹ́yìn ni. Ti ilé iṣẹ́ AMD náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀: nínú RX 7800 XT, 7 ni ìran, 8 ni ipò. Nígbà tó di 2025 ni wọ́n yí ìkọ̀wé padà tó fi di RX 9070 XT, níbi tí 90 ti jẹ́ ìran, tí 70 sì jẹ́ ipò. Ẹ tún mọ̀ pé RTX 4070 inú láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Memory ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 8GB, ti orí tábìlì jẹ́ 12GB, agbára wọn ò sì jọra rárá.

Ibi tó ń pa èèyàn lára jù ni kí ohun méjì máa jẹ́ orúkọ kan. RTX 3060 jáde ní 2021 pẹ̀lú 12GB. Nígbà tó yá, òmíràn jáde tó ní 8GB, tí ọ̀nà tí memory rẹ̀ ń gbà tún fún ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ RTX 3060 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. RTX 4060 Ti ní 8GB, ó tún ní 16GB. Bákan náà ni RTX 5060 Ti àti RX 9060 XT. Tí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé "5060 Ti nìyí," ìbéèrè tó kàn ni pé, "GB mélòó?"

Ìdí tí GB yẹn fi ṣe pàtàkì rèé. Gbogbo àwòrán ògiri, aṣọ, ewéko àti ojú èèyàn inú géèmù, inú memory orí card ni wọ́n máa ń kó wọn sí kó lè tètè mú wọn. Tí ibẹ̀ bá kún, card á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mú nǹkan látinú RAM, memory kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀nà náà sì jìn. Lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù tó ń lọ geere á kàn dúró díẹ̀, á tún máa lọ, á tún dúró. Nígbà mìíràn kò ní dúró o, ògiri inú géèmù ló kàn máa dà bíi pé ẹ yọ dígí ojú yín. Fún 1080p àti géèmù bọ́ọ̀lù, 8GB ṣì ń gbé e. Fún 1440p, 12GB ni kí ẹ máa wò, 16GB ló sì lè fọkàn ẹni balẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Fún 1080p, RX 6600, RTX 3060 oní-12GB àti RTX 4060 ṣì jẹ́ ọmọlúàbí. Fún 1440p, ẹ máa wá RX 6700 XT tó jẹ́ tòkunbọ̀, RX 7800 XT, RTX 4070, tàbí RX 9060 XT oní-16GB tó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́. Nípa DLSS ti Nvidia àti FSR ti AMD, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé card á ya àwòrán kékeré, á wá fi ọgbọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n mọ́nítọ̀. Ó wúlò púpọ̀ lórí 1440p àti 4K. Frame generation tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yàtọ̀: ó ń fi àwòrán tí ó dá ṣe sáàárín àwọn èyí tí géèmù yà. Tí géèmù bá ti ń lọ ní 60 tẹ́lẹ̀, á mú kó dà bíi pé ó ń yára sí i. Tó bá jẹ́ 25 ló ń lọ, ọwọ́ yín á ṣì máa mọ̀ pé ó lọ́ra, ohun yòówù tí nọ́ńbà igun mọ́nítọ̀ ì báà máa sọ. Ẹ má torí nọ́ńbà frame generation nìkan ra card.

Processor àti ilé tó ń gbé

Ẹ wo bíríkìlà tó ń mọ ògiri, tí lébìrà ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un. Processor ni lébìrà yẹn: òun ló ń pèsè iṣẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ta ni ó wà níbo, bọ́ọ̀lù ń lọ síbo, kí graphics card tó mọ ọ́n. Tí lébìrà bá lọ́ra, bíríkìlà á dúró lásán. Tí lébìrà bá yára ju bó ṣe yẹ lọ, búlọ́ọ̀kù á kàn tò sílẹ̀ ni, ògiri ò ní torí ìyẹn yára ga. Ohun tí wọ́n ń pè ní bottleneck ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí kò ní i. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ti yín, ẹ fi sọ́fítíwià MSI Afterburner wo iṣẹ́ tí graphics card ń ṣe nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Tó bá wà ní 97 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, processor yín ń gbé e dáadáa. Tó bá ń ṣe 60, tí géèmù sì lọ́ra, tí kì í ṣe pé ẹ fúnra yín ló fi ààlà sí i, processor ni kí ẹ fura sí.

Fún géèmù, processor onícore mẹ́fà (core ni ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí tó. Ryzen 5 5600 ti AMD àti Core i5-12400F ti Intel wà fún ẹni tí owó há mọ́ lọ́wọ́. Ryzen 5 7600 wà fún ẹni tó lè nà án díẹ̀. Àwọn tó ní X3D lórúkọ, irú bíi 5800X3D, 7800X3D àti 9800X3D, ní cache ńlá tí AMD fi kún wọn. Cache jẹ́ memory kékeré tó wà lára processor gan-an, nítorí náà kì í sábà sá lọ sínú RAM lọ wá nǹkan. Nínú géèmù, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba, pàápàá fún ẹni tó ń fi Counter-Strike ṣeré lórí mọ́nítọ̀ 240Hz. Lórí 4K, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, torí pé graphics card ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Ẹ kíyè sí socket, ojú ibi tí processor ń jókòó lórí motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. AM4 ti AMD wà láti 2016, nígbà tó sì di 2022 wọ́n ṣì ń ṣe processor tuntun sí i: ẹni tó ra motherboard rẹ̀ ní 2017 lè ṣe update BIOS (sọ́fítíwià inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà) kó sì fi 5800X3D sí i. AM5 jáde ní 2022, AMD sì ti sọ pé àwọn máa ràn án lọ́wọ́ títí di 2027 ó kéré tán. Ẹni tó bá ra Ryzen 5 7600 lónìí lè yọ ọ́ lọ́dún mélòó kan sí i, kó fi èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i láìpààrọ̀ motherboard. Owó ni ìyẹn bá yín tọ́jú. Ti AM4, ọ̀nà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ṣùgbọ́n DDR4, ìran RAM tó ṣáájú DDR5, ló ń lò. Láti ìparí 2025 tí àwọn ilé iṣẹ́ AI ti ń kó memory jọ, tí iye RAM fò sókè káàkiri ayé, ẹni tó bá ti ní DDR4 tó dáa nílé ní ìdí gidi láti dúró sórí AM4. Mi ò ní bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Intel: ìran 13 àti 14, láti i5-13600K lọ sókè, ní àìsàn kan tó ń mú kí volt tó pọ̀ jù máa wọnú processor títí tí á fi bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Intel gbà bẹ́ẹ̀ ní 2024, wọ́n gbé àtúnṣe BIOS jáde lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì. Àtúnṣe yẹn ń dáàbò bo èyí tó ṣì dáa, kì í wo èyí tó ti bà jẹ́ sàn. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé i9-14900K tòkunbọ̀ wá fún yín ní iye tó dùn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ní ti motherboard, B550 fún AM4 àti B650 fún AM5 tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wò ó bóyá àwọn irin tó ń mú ooru kúrò wà lórí ibi tó ń pín iná fún processor, kí ẹ ka iye ihò RAM àti ihò SSD (ibi tí à ń tọ́jú géèmù àti fáìlì sí) rẹ̀, ó parí.

RAM, 16GB ni ìsàlẹ̀, 32GB ló dáa. Ẹ ra igi méjì, ẹ má ra ẹyọ kan ńlá, nítorí pé igi méjì ń jẹ́ kí processor gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Igi méjì 8GB sàn ju ẹyọ kan 16GB lọ fún géèmù. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń báni to kọ̀ǹpútà kì í ṣe: wọn kì í tan XMP tàbí EXPO nínú BIOS. Ẹ ra DDR5 tí wọ́n kọ 6000 sí lára, ẹ san owó 6000, tí ẹ ò bá tan EXPO, 4800 ló lè máa sá títí ayé. Ẹ wọ Task Manager, ẹ lọ sí Memory, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Speed. Ìṣẹ́jú kan ni.

SSD, ẹ ra irú tí wọ́n ń pè ní NVMe, oní-1TB. Baldur's Gate 3 nìkan béèrè 150GB, ó sì sọ ọ́ kedere pé SSD lòun fẹ́. Hard disk àtijọ́ dáa fún fíìmù àti fọ́tò. SSD olówó iyebíye tó ń sá ju èèmọ̀ lọ ò ní mú géèmù yín yára tó bí ẹ ṣe rò, irú èyí tó wà láàárín ti tó.

Power supply, inverter àti iná wa yìí

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Èmi ò mọ ohun mìíràn nínú kọ̀ǹpútà tó lè bà jẹ́ kó sì mú gbogbo ìyókù dání lọ bíi power supply, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí á lọ sílẹ̀ tí á tún ṣẹ́ wá lójijì, òun ló dúró láàárín ògiri àti card tí ẹ fi owó oṣù mélòó kan rà.

Ẹ fọwọ́ gbé e wò. Power supply ayédèrú máa ń fúyẹ́, torí pé irin àti kọ́pà inú rẹ̀ ò tó nǹkan, bí wọ́n tilẹ̀ lẹ 600W mọ́ ọn lára. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Tí ẹ bá rí bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò ní active PFC, ohun tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe. Tó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ti wá, tí bọ́tìnnì yẹn ṣì wà lórí 115, ìgbà tí ẹ bá fi í sínú iná 230V wa yìí ló máa dún gbàù. Èyí tó dáa kì í sábà ní bọ́tìnnì yẹn, ohun tí wọ́n máa kọ sí i ni 100–240V, ó ń mọ iná fúnra rẹ̀. Àmì 80 Plus Bronze tàbí Gold ń sọ bí iná tó ń fi ṣòfò ṣe kéré tó, kò sọ pé ó lágbára láti dáàbò bo yín. Nítorí náà ẹ wá orúkọ tí àwọn èèyàn ti tú wò: Seasonic, Corsair, be quiet!, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n sọ nípa oríṣi náà gan-an, torí pé ilé iṣẹ́ kan lè ṣe èyí tó dáa, kó tún ṣe èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dáa.

Mélòó ló tó? Ẹ ro ó bẹ́ẹ̀: RX 7800 XT ń jẹ 263W, Ryzen 5 7600 lè jẹ tó 88W, fáànù, SSD, RAM àti motherboard ẹ fún wọn ní 60W. Ó ń lọ sí 411W. Graphics card tún máa ń ta sókè lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré púpọ̀, nítorí náà 700W tàbí 750W tó dáa ni kí ẹ rà. RTX 4060, 115W péré ló ń jẹ, 500W gidi ti tó o. Ihò orí motherboard ń gbé 75W, wáyà oní-ẹsẹ̀ mẹ́jọ kan ń gbé 150W. Tí card yín bá ní ihò ẹsẹ̀ mẹ́jọ méjì, ẹ fà wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ látinú power supply, ẹ má fi orí méjì ti wáyà kan ṣe é. Wáyà tuntun olórí kan tó wà fún RTX 40 àti 50, ẹ tì í wọlé títí tí kò fi ní ku àlàfo kankan, torí pé àwọn kan ti yọ́ lára RTX 4090 látàrí pé wọn ò wọlé tán.

Wàyí o, inverter. Tí gbogbo ẹ̀rọ yín pẹ̀lú mọ́nítọ̀ bá ń jẹ 350W nígbà géèmù, bátìrì 12V 200Ah kan ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú. Bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀, ó ku nǹkan bíi 1,000. Kò tó wákàtí mẹ́ta, tí ẹ ò bá sì tan fáànù ilé rárá ni. Lithium sàn jùyẹn lọ dáadáa, owó rẹ̀ náà sì ga. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tí géèmù alẹ́ rẹ̀ jẹ́ orí inverter pé wáàtì card ṣe pàtàkì bí agbára rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì. RTX 4070 ń jẹ 200W, RX 7800 XT ń jẹ 263W. Ní Lọ́ńdọ̀nù ìyàtọ̀ yẹn lè máà jẹ́ nǹkan, ní Agége ó lè jẹ́ ìdajì wákàtí géèmù. Ẹ tún lè wọ inú sọ́fítíwià card kí ẹ fà agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdá 20. Eré tó ń sọ nù kì í tó nǹkan, ooru àti ariwo á sì dínkù kíá.

Inverter tàbí UPS tó ń mú pure sine wave (iná tó ń lọ geere bíi ti ògiri) jáde ni power supply tó ní active PFC ń bá rẹ́ jù. Ẹ má sì jẹ́ kí VA tàn yín jẹ: UPS 650VA kì í sábà gbé tó 400W. Ẹ ka wáàtì tó wà lára rẹ̀. Ní ti owó iná, nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, kéde 225 naira fún kílówáàtì-wákàtí kan lórí Band A lóṣù kẹrin 2024, wákàtí mẹ́rin géèmù lórí 350W jẹ́ 315 naira. Owó jẹnẹrétọ̀ la ò jọ ń sọ.

Ooru àti eruku ò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iná. Ẹ ra àpótí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n tó ń mí, tó ní asẹ́ eruku tó ṣe é yọ fọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ yọ asẹ́ yẹn wò lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Fún processor onícore mẹ́fà, cooler (ẹ̀rọ tó ń mú un tutù) tó bá a wá tàbí cooler afẹ́fẹ́ tí kò wọ́n tó, ẹ̀rọ olómi ò pọn dandan.

Tí ẹ bá dé Computer Village

Ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ ni a máa rà, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, yí ọ̀nà rẹ̀ padà lóṣù kẹsàn-án 2022, tí graphics card ò wúlò fún wíwa owó yẹn mọ́, ọ̀pọ̀ card tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bọ́ sí ọjà kárí ayé. Card tí wọ́n fi wa owó kì í fìgbà gbogbo burú, fáànù àti òróró tó ń gbé ooru (thermal paste) inú rẹ̀ ló sábà máa ń gbó. Nítorí náà, ní òpópónà Ọ̀tìgbà tàbí Pepple ní Computer Village, Ìkẹjà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìka yí fáànù rẹ̀ wò. Tó bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, tó ń há, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo orí àwọn skúrúù ẹ̀yìn rẹ̀: tí ìdábùú orí wọn bá ti jẹ, ẹnì kan ti tú u. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá epo kan ń sun jáde.

Ẹ wá ní kí wọ́n fi card náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé GPU-Z, sọ́fítíwià tó ń dá card mọ̀, dání lórí flash, ẹ ṣí i. Àwọn card ayédèrú wà tó jẹ́ pé ohun àtijọ́ ló wà nínú wọn, wọ́n kàn yí BIOS wọn padà kí Windows máa pè é ní GTX 1050 Ti ni. GPU-Z máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ irú wọn. Ẹ wo iye memory tó kọ, ẹ fi í wé ohun tí ọlọ́jà sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí FurMark, sọ́fítíwià tó ń fi iṣẹ́ líle dán card wò, sáré fún ìṣẹ́jú 15. Tí ìlà aláwọ̀ tàbí àmì mẹ́rin-mẹ́rin bá ń fò lójú mọ́nítọ̀, tàbí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ kọjá síbòmíràn. Ọlọ́jà tó bá sọ pé "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ nílé," tó kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ má bá a ná an mọ́ rárá.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré gan-an: Dell OptiPlex tàbí HP tí ilé iṣẹ́ ti lò, kí ẹ wá fi graphics card kún un. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n power supply wọn kì í sábà ní wáyà fún card, nítorí náà èyí tí 75W orí motherboard tó ni kí ẹ rà. RTX 3050 oní-6GB, 70W ló ń jẹ. Tí àpótí rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, card kúkúrú ló máa wọ̀ ọ́. Ẹ yẹra fún RX 6400 nínú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, torí ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀, motherboard àtijọ́ sì tún ń dín ìyára ọ̀nà yẹn kù. Ẹ rí i pé Intel ìran 8 sókè ni, bíi OptiPlex 7060, nítorí Windows 11 ò gba ìran 7, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró lóṣù kẹwàá 2025.

Tí owó ò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ṣeé sún síwájú ni SSD kejì, igi RAM tó ju 16GB lọ, fáànù àfikún àti àpótí tó rẹwà. Power supply ò ṣeé sún. Ẹ ra èyí tí card tí ẹ ń fojú sí lọ́nà máa nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. Card gan-an sì lè dúró, tó bá jẹ́ pé processor yín ní àwòrán tirẹ̀ nínú. Ryzen 5 7600 ní i, ó kéré, kò lè gbé géèmù ńlá, ṣùgbọ́n ó máa tan mọ́nítọ̀, ẹ ó fi Windows sí i, ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ iléèwé àti iṣẹ́ ọ́fíìsì títí owó card yóò fi pé. Ryzen 5 5600 àti i5-12400F ò ní i rárá. Tí ẹ bá ra ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì láìní card, fáànù á máa yí, iná á máa tàn nínú àpótí, ojú mọ́nítọ̀ á dúdú kirimu, kò sì sóhun tó bà jẹ́.